Owó Tó Ya

Yàrá kan la yá ní Zengeza, lẹ́yìnkùlé Mai Tichafa,
ogójì dọ́là lóṣù, kí oṣù tó wọlé ni a ó ti san án,
owó omi lọ́tọ̀, owó iná lọ́tọ̀, bí iná bá wá.
Ibùsùn kan, ènìyàn méjì, a kì í sùn pọ̀.
Èmi ń ṣọ́ báńkì ní Harare lóru,
Shuvai ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì níbẹ̀ lọ́sàn-án.
Aago mẹ́fà àárọ̀ la ń pàdé níbùdó kọ́ńbì:
èmi ń bọ́ sílẹ̀, òun ń wọkọ̀.
Á fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ á gbóná
bí ẹni pé abẹ́ ahọ́n ló fi sí.
Bí mo bá délé, mo ń bá ojú ibi tó sùn sí,
ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ibẹ̀ ni mo ń sùn.
Ìgbéyàwó wa nìyẹn, láti Mọ́ńdè dé Sátidé.

Ayálégbé ni wọ́n ń pè wá.
Ó dáa, a yá ilé gbé. Ta ni yóò yá wa ní oorun sùn?
Lọ́sàn-án, etí ni mo fi mọ ilé yìí:
sálúbàtà Mai Tichafa tó ń wọ́ gẹrẹrẹ,
ọmọ Chenjerai tó ń ka ìṣirò lára ògiri,
ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ mẹ́jọ, ó ní ọgọ́ta, ó tún ní ọgọ́ta,
títí mo fi lu ògiri pé
mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, jẹ́ kí n sùn!
Àti àwọn garawa tó tò síwájú ẹ̀rọ omi.
Tèmi pupa. Mo fi òkúta sínú rẹ̀
kí atẹ́gùn má baà gbé ipò mi fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, mo gbé owó ilé lọ.
Ogún dọ́là, ewé méjì.
Mai Tichafa gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn,
ó di ojú kan, ó fi ìkejì wo ọ̀run
láti ibi tí owó náà ti ya.
Ihò ọ̀hún kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
“Ta ló fẹ́ gba èyí lọ́wọ́ mi?”
Mo ṣe mẹ́dọ̀. Òótọ́ ni:
owó tó ya kò ṣeé yá ilé.

Mo rìn dé Makoni, sọ́dọ̀ Muzanenhamo
tó jókòó sórí àpótí, tó ń ra owó tó ya.
Ogún mi, ó san mẹ́rìnlá.
Dọ́là mẹ́fà gba inú ihò yẹn lọ.
Shuvai kò bá mi wí.
Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó ka mẹ́fà jáde,
owó tí a fẹ́ fi ra ìbora ọmọ.

Mai Tichafa kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó wá wo ikùn Shuvai, ó ń ka ìyẹn náà.
“Ẹni méjì la jọ sọ. Ẹni kẹta ńkọ́?”
“Kò tíì dé, Mai.”
“Bó bá dé, dọ́là márùn-ún.”
Kò sì dìde.
Ó ní yàrá tiwa yìí lòun bí Tichafa sí,
nígbà tí wọn ò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀.
Ó ti wà ní Leicester báyìí. Láti Kérésìmesì,
kò tíì pè.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, sálúbàtà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.
Mo ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú oorun lójú:
ìbora ọmọ, òwú aláwọ̀ yẹ́lò, tó ń rùn káńfọ̀.
“Yíyá ni mo yá yín,” ó ti ń padà lọ,
“ẹ má jẹ́ kó ya.”

Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn.
Ó ti ya tẹ́lẹ̀, ní igun kan.
A gbà á bẹ́ẹ̀.