Àdírẹ́sì Ibi Iṣẹ́

Fọ́ọ̀mù ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ ní Òjéré béèrè pé:
àdírẹ́sì ibi iṣẹ́?
Mopélọ́lá Ṣówándé fi gègé dúdú kọ ọ́ pé:
ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà, Ìtókò, lórí àpáta.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.
Mo gun ọ̀kadà láti Pánṣẹ́kẹ́,
mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, bàtà mi ń yọ̀ lórí òkúta,
mo sì bá a níbẹ̀ lóòótọ́,
lórí àpótí, ó fi agboòrùn ṣíji bo kọ̀ǹpútà.
"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀, okùn iná wà níbẹ̀ o."
Abẹ́ òkúta làwọn baba wa tẹ̀dó sí,
orí òkúta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ tẹ̀dó sí.

Ta lọ̀gá rẹ? Wọ́n ń pè é ní Máàkù.
Ìlú wo ló ń gbé? Kò mọ̀.
Ojú rẹ̀ ńkọ́? Àmì róbótó kan ni, lẹ́tà kan láàárín rẹ̀.
Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ojú wo?

Nígbà tí àbúrò mi Múyìwá fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Láfẹ́nwá,
kó tó fọwọ́ kan sípánà
ẹlẹ́rìí méjì ti tọwọ́ bọ ìwé:
ọdún mẹ́ta, oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ ọ̀gá,
bó bá fara pa, ọ̀gá ni yóò gbé e lọ ọsibítù.
Ọjọ́ tí ọ̀gá náà gbá a létí láìṣẹ̀,
bàbá wa mọ ilé tí òun máa lọ.
Ọmọ orí àpáta yìí,
ilé ta ni kí n lọ?

Aago méjì òru ni ìpàdé wọn,
nítorí ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ Máàkù.
Owó dátà, tirẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀, ti ìyá àgbà.
Èrè: ìrírí.
Ó ya ọgọ́rin àwòrán fún wọn,
ó rí mẹ́ta nínú ìpolówó wọn, kò rí orúkọ rẹ̀.

Mo ṣí ìwé òfin wa.
Ojú ìwé kẹtàlá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ bàtà onírin,
kó má sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.
Ọ̀gá tí kò jẹ́ kéèyàn sùn, kò dárúkọ ẹ̀.

Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ló kù. Máàkù ò fèsì mọ́ láti ọjọ́ Àìkú.
"Sà, ṣé màá tún oṣù mẹ́ta yìí ṣe ni?"

Ìyá àgbà tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì ló gbà á sọ:
"Èmi ni mò ń jí i lóru.
Èmi ni mò ń ra epo.
Bíṣẹ́ ọ̀hún bá ní ọ̀gá, ta ló tún kù?"

Mo fi báírò kun àtàǹpàkò rẹ̀,
mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n kọ alábòójútó sí.
Kò bófin mu. Mo mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀:
ẹ jẹ́ kí ọ̀gá lójú, kó nílé téèyàn lè kàn.
Ẹ kọ wákàtí sílẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó máa sanwó dátà.

Wọ́n fèsì lóṣù tó kọjá. Wọ́n dúpẹ́.
Wọ́n ní kí n fi àdírẹ́sì Máàkù ránṣẹ́,
káwọn lè fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí i.