Okùn Oníkókó Mẹ́ta

Ọdún mọ́kàndínlógún la ti ń san owó ilé
lẹ́yìn ọjà Sábó, ní Ìkòròdú.
Mo lè fi ojú dídì ka gbogbo sísán ara ògiri náà,
ṣùgbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ kan ìṣó kan sí i
láì tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé.

Wẹ́dà ni Mùkáílà, ní Odògúnyán.
Ó ti rọ géètì fún àádọ́ta ilé
tí kò sí èyí tó jẹ́ tiwa nínú wọn.
Èmi ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté.
A jọ ń kó o jọ: àjọ ojoojúmọ́, owó kọ́pá,
èyí tí mo dì sínú gèlè tí mi ò wé mọ́.
Ọdún méjì la ò pa àgbò Iléyá.
A sọ fáwọn ọmọ pé àgbò wa ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tí owó pé ìdajì,
Fáníyì tó ń bá ni wá ilé mú wa lọ sí Ìgbógbó.
Yàrá mẹ́ta, kànga kan, igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé.
Ọ̀dà ara ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ,
òórùn rẹ̀ wọ̀ mí lára bíi ti páúdà ọmọ tuntun.
Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìwé, ta ló buwọ́ lù ú,
ọmọ bàbá wo ni kò tíì buwọ́ lù ú.
Mo yọ okùn nínú báàgì mi.
Kókó àkọ́kọ́: fífẹ̀ fèrèsé pálọ̀, nítorí kọ́tìnnì.
Kókó kejì: ẹnu ọ̀nà yàrá, bóyá bẹ́ẹ̀dì wa á wọlé.
Ìkẹta, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni:
igun tí àga ìyá mi yóò wà,
ìyá mi tó kú lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ àjọ.

Mùkáílà ní, "A kì í wo ilé lẹ́ẹ̀kan."
A tún lọ lóru,
ká gbọ́ ohun tí àdúgbò ń sọ
tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.
Ajá méjì, jẹnẹrétọ̀ kan, ọmọ tó ń wúkọ́.
Kò burú.
"Ó wá ku òjò," ni Mùkáílà wí.
Fáníyì rẹ́rìn-ín: "Ṣé ilé lẹ fẹ́ rà ni àbí òjò?"

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà,
ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò,
a dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì.
Kò tíì rọ̀. Ẹ̀kán kan ò tíì kan ilẹ̀.
Ìyá àgbà kan jáde, kò wo ojú wa,
ó gbé sítóòfù lé orí tábìlì,
ó gbé àpò gàrí lé orí sítóòfù,
ó fi bàtà rẹ̀ méjèèjì kọ́ ìṣó kan
tó ga tó èjìká mi.
Ó wá gun orí bẹ́ǹṣì, ó ká ẹsẹ̀ sókè,
ó ń dúró.

A ò bi í léèrè nǹkan kan.
Ìṣó yẹn ti dáhùn.

Fáníyì pè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ẹlòmíràn ń gbé owó bọ̀.
Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú ẹlòmíràn náà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá yẹn.
Ó gé fóònù mọ́ mi létí.

Mo ti tú kókó méjì.
Fèrèsé mìíràn á ní ìwọ̀n tirẹ̀.
Ìkẹta ṣì wà níbẹ̀, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́
bí mo bá ń ka ṣéńjì fún èrò.

Iléyá tún kù sí dẹ̀dẹ̀.
Àwọn ọmọ bi wá léèrè àgbò.
Mùkáílà wò mí, ó ní,
"Ó ń bọ̀. Òkè ló ń gùn."