Ọkọ̀ Tó Pẹ́ Dé

Ní Zelenka, níbi tí ilẹ̀ Kánádà ti tẹ́ pẹrẹsẹ
tí kò sí òkè kan tí yóò bá afẹ́fẹ́ wí,
ọkọ̀ panápaná kan dúró nínú abà bàbá ìyá mi.
Kò pa iná, kò pọn omi.
Adìyẹ ló ń yé sórí àga awakọ̀.

Orest ní kí n di fìtílà mú.
"Síbí. Rárá, síbí.
Ojú irin ni kí o tàn án sí, má tàn án sójú mi."
Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lóṣù kọkànlá,
tí yìnyín ti bo pòròpórò àlìkámà mọ́lẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì gan pa bí ọrùn alágídí.
A rọ kárósíìnì sí i nínú, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
a ní kó mu ún, kó rọ̀.
Ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Láràárọ̀ Orest á ki irin bọ̀ ọ́ níwájú, á yí i,
á dẹtí,
á ní, "Kò tí ì gbà."

Mo tú nọ́ọ̀tì sínú agolo kọfí,
mo lé eku kúrò nínú hóòsì,
mo ha ọ̀dà. Lábẹ́ àwọ̀ ewé ni àwọ̀ ìyeyè wà; lábẹ́ ìyeyè,
pupa, bí ojú ẹni tó sunkún sùn.
Lábẹ́ àga, mo bá ìbọ̀wọ́ ọmọdé, ẹyọ kan ṣoṣo.
Mo bèèrè pé ta ló ni ín.
Orest gbà á, ó tì í sápò,
ó ní kí n gbé sípánà wá.

Ìyá àgbà ló sọ fún mi, níbi tó ti ń bó ọ̀dùnkún:
"Ti Hafia ni. Àbí ti Pavlo.
Àwa mọ́kànlá ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ yẹn
kí òtútù má bàa pa wá,
ká máa wo ilé ẹ̀kọ́ wa bó ṣe ń jó.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá rẹ àgbà, òun ló wà á dé.
Agogo dún. Páǹpù ò sọ nǹkan kan."

Kò sẹ́ni tó kú.
Ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló jó,
ẹni tó bí ọmọ sì wá ibòmíì lọ,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí Zelenka fi ku ilé mẹ́rin.
Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Orest fi tirẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún méjìlélọ́gọ́ta,
ó ń sùn, ó ń jí, ó ń gbin àlìkámà.

Lóṣù kejì a tú páǹpù.
Ìlà kan là á níkùn, tín-ín-rín bí irun,
kò gùn ju ọmọ-ìka mi lọ.
Orest bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó fi èékánná tọ ìlà náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.
"Mi ò fa omi rẹ̀ gbẹ lálẹ́ tó ṣáájú," ló wí.
"Omi dì sínú rẹ̀. Mo ń kánjú lọ síbi ijó."
Fìtílà gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Kò bá mi wí.

Thorvald wẹ́dà jó idẹ pọ̀ mọ́ idẹ, kò gba owó.
A gé awọ tuntun, a rẹ ẹ́ sínú ọ̀rá.
Nígbà tí yìnyín yọ́, ẹ́ńjìnnì wúkọ́,
ó tutọ́ dúdú, ó gbà.
A wà á lọ sétí adágún. Ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde.
Omi fò sókè, ó balẹ̀ síbi tí ilé ẹ̀kọ́ wà rí,
sórí koríko lásán.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Ìyá àgbà ní, "Ó mà pẹ́ o,"
ó sì wọlé lọ gbé tíì kaná.

Lálẹ́, ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ lọ sùn.
Orest ṣí ẹnu páǹpù, ó ní kí n gbé ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀.
Ẹ̀kán kan.
Ẹ̀kán kan.
"Ó gbẹ?"
"Ó gbẹ."
"Dúró díẹ̀ sí i."