Fẹ́lẹ́

Ní Ṣíkà, létí Sààríà, nínú oṣù ọyẹ́,
wọ́n gbé ìyá mi sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin,
wọ́n ní ọkùnrin kì í sùn níbẹ̀.
Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín bútà àti kúlà àwọn ẹlòmíràn,
eruku bà lé mi lórí bí ìyẹ̀fun.

Àwa la ni kíkí láyé.
À ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó dúró,
à ń kí ẹni òjò pa, à ń kí ẹni tó náwó,
ṣùgbọ́n báwo la ti í kí ọmọ
tó dúró lójú fèrèsé,
tó ń ka omi tó ń kán sínú iṣan ìyá rẹ̀,
kán, kán,
títí nọ́ọ̀sì fi fa kọ́tìnnì?

Díákónì Oyèbísí wá láti Sábó.
Àdúrà rẹ̀ gùn, ó ní kọ́là, ó ní ìgbátí,
àmín mi ń já bọ́ bí bọ́tìnnì tí wọn kò rán dáadáa.
Ó ní, "Má mikàn." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."
Àyà mi kò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́:
"Ohunkóhun tó bá wà, ṣáà pè mí."
Ọ̀rọ̀ rere ni. N kò bínú.
Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn,
ṣé òun náà ni yóò tún máa ka ẹrù fún ará ilé?
Mo ní kò sí nǹkan kan, mo pa fóònù.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe, mo mọ èyí:
aṣọ mìíràn nípọn, ó ń dán, ó wu ojú,
abẹ́rẹ́ á kàn kán sí i lára ni.

Làràbá wà ní ibùsùn kejì, ó ń tọ́jú orogún rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni, orogún rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í.
Yorùbá tó gbọ́ kò kún ọwọ́ kan,
ètè rẹ̀ kò sì mọ bí a ti í pe "pẹ̀lẹ́".
"Fẹ́lẹ́," ló wí. "Fẹ́lẹ́, télọ̀."
Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí.
Fẹ́lẹ́! Bí aṣọ tí oòrùn ń yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀.
Ó sì fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé
níbi tí àdúrà Díákónì ti há.

Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́.
Lóru, ó yí ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún,
ó fọ ibi tí ojú ọmọkùnrin kò gbọdọ̀ dé.
Láàárọ̀ ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún Ísáàlì:
"Ìyá mu kúnú. Ṣíbí mẹ́rin."
Ṣíbí mẹ́rin!
Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà:
àyà, èjìká, gígùn apá, ṣíbí mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, orogún rẹ̀ kú kí wọ́n tó pe ìrun ìdájí.
Gbogbo "ẹ kú" tí Àwẹ̀ró ìyá mi kọ́ mi fò lọ.
"Sànnú" tí mo bá dàgbà ní Sábó náà fò lọ.
Mo ká ẹní rẹ̀. Mo da omi bútà nù.
Mo gbé kúlà, mo tẹ̀lé e dé géètì,
ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró sí, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n.
Ó gòkè, ó jókòó ti òkú.
Mo ní, "Fẹ́lẹ́."
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde. N kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀.
Bóyá ó gbọ́, bóyá ẹ́ńjìnnì ló gbé e mì.
Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó gba kúlà.

Ìyá mi ti wà nílé báyìí, ó ń bá iyọ̀ ọbẹ̀ jà.
Àná ló bi mí pé,
"Ta ni obìnrin tó máa ń pè mí ní Fẹ́lẹ́ lóru?"
Ó rò pé orúkọ ni.
Mo ti okùn bọ abẹ́rẹ́.
Mo ní, "Orúkọ ni, Màámi."