Ayé Mọ́kànlá Lórí Tábìlì Ilé Ìdáná

Wilma Hautala dá ayé mọ́kànlá,
kò sì rówó san owó iná oṣù Ẹrẹ́nà.
Èmi ni mo mọ̀. Èmi ni mo ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́
fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin
nínú ilé onípákó tó dojú kọ adágún ní Duluth,
níbi tí omi ti ń di òkúta mọ́jú,
tí afẹ́fẹ́ ń bu ènìyàn létí jẹ bí ajá.

Kò jẹ́ kí n pe òun ní màámá.
"Wilma ni kí o pè mí. Ọ̀gbẹ́ni ni wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀."

Lóòótọ́ ni. Wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kù sí lẹ́tà kan,
W. Hautala,
gbogbo ayé sì kà á sí ọkùnrin.
Lẹ́tà ń ti Texas wá, ó ń ti Manitoba wá:
Ọ̀gbẹ́ni ọ̀wọ́n, irú irùngbọ̀n wo lẹ dá sí?
Ó ń fọwọ́ oníyẹ̀fun kọ èsì:
Tèmi ò tíì hù. Ẹ ṣé.

Sẹ́ńtì kan ni ọ̀rọ̀ kan nígbà náà.
Abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta mọ ìṣirò:
ogún ọ̀rọ̀, búrẹ́dì kan;
irínwó ọ̀rọ̀, bàtà yìnyín fún Eino;
bí bàtà méjì bá ya lọ́jọ́ kan náà,
àwọn ará ojú ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jù.

Ọkọ rẹ̀ ń bẹ nínú ọkọ̀ tí ń kó òkúta irin,
oṣù mẹ́jọ lórí omi, oṣù mẹ́rin lórí àga.
Bí àwọn ọmọ bá sùn, tí ìkòkò bá tutù,
á nu tábìlì, á gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lé e,
á sì jáde kúrò láyé láìwọ bàtà.

Àwọn àgbà wa ní bójú bá rí, kẹ́nu ó dákẹ́.
Ojú tirẹ̀ ò rí, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́:
ìlú tí òjìji ti ń ṣáájú ẹni tó ni ín délé,
ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹkún san owó orí,
adágún dídì kan tó ń rántí gbogbo ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rí.
Mo bi í níbo ló ti rí ìyẹn.
Ó nawọ́ sí fèrèsé.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rìnrìn àjò: bọ́ọ̀sì, Chicago, ẹ̀bùn onígíláàsì.
Olùdarí ètò wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì,
ó ní, "Ọkọ yín ńkọ́, mà?"
"Ó wà lórí omi. Ẹ gbé e wá, bọ́ọ̀sì mi fẹ́ lọ."
Ẹ̀bùn náà la fi ń dá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dúró.

Lọ́jọ́ tí ènìyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá,
ìpẹ́ ẹja ló ń ha. Kò gbójú sókè.
"Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé," ló sọ fún mi,
"kò sì sẹ́ni tó mú nǹkan dání fún onílé."

Ìwé ìròyìn tó ń rà á kógbá sílé, èkejì tẹ̀lé e.
Ọdún méjìdínlógún ló fi bu ọbẹ̀ fáwọn ọmọ iléèwé,
tó ń ka epo tó léfòó bí ìràwọ̀.

Lóru ọjọ́ kan, iná lọ, yìnyín ń bọ́.
Ó ní, "Nílùú yín, òṣùpá mélòó ló ń yọ?"
Mo ní ọ̀kan ṣoṣo, bíi tiyín.
Ó mi orí bí ẹni gbọ́ òfò.
"Wọ́n rẹ́ yín jẹ. Màá fi kan kún un."

Ọjọ́rú ló kú, lọ́wọ́ ọ̀sán.
Eino kó àga, ó kó aṣọ, ó ní kí n mú ohun tó wù mí.
Mo yọ abala ìwé tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ.
Ìlà mẹ́ta ni: obìnrin kan tó ń fọ ẹsẹ̀ arúgbó
gbójú sókè, ó rí òṣùpá kejì lórí adágún,
ó sì ní,
kọ́mà, lẹ́yìn náà funfun.

N kò mọ ohun tí mo sọ.
Mo ti jáde lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ yìí lọ wò ó.