Ọdún Tó Wà Nínú Yàrá Ẹ̀yìn

Lẹ́tà náà kò gùn. Ìlà mẹ́rin péré:
wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún ọdún mọ́kàndínlógún,
wọ́n ní tó bá ti di ìparí oṣù kẹta
Pajulintu ò ní í ṣí mọ́.
Ẹni tó kọ ọ́ kò forúkọ sí i.

Pòtétò ni mò ń bó lọ́wọ́.
Mo bó o tán. Mo gbé e kaná.
Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó.

Níta, òkun Kemi ti dì gbagidi,
ọkọ̀ ń gba orí omi kọjá
bí ẹni tí kò jẹ omi ní gbèsè.

Orúkọ ẹyẹ kan ni Pajulintu lédè wa,
ẹyẹ kékeré tó ń padà wá nígbà tí yìnyín bá yọ́.
Òun ni mo fi ń ya kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fáwọn ọmọdé orí tẹlifíṣàn,
àwòrán mẹ́rìnlélógún fún ìṣẹ́jú-àáyá kan;
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á gbé ẹsẹ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀,
odidi ọ̀sẹ̀ á ti lọ.

Kì í ṣe pé ó dára púpọ̀.
Ó máa ń kú lójijì bí mo bá fi búlúù lé búlúù.
Ṣùgbọ́n mo mọ àìsàn rẹ̀, òun náà mọ tèmi:
ó mọ̀ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n sápá òsì,
ó ń bá mi tọ́ ìlà náà láìsọ fẹ́nikẹ́ni.

Eelis, ọmọ àbúrò mi, gbé tuntun wá.
"Oṣooṣù lẹ ó máa sanwó rẹ̀, Àǹtí."
Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ìka mi ń lọ síbi tí búrọ́ọ̀ṣì wà tẹ́lẹ̀,
kò bá a níbẹ̀,
bí ahọ́n tó ń yọ́ lọ wo ojú eyín tó ti ká.
Ẹni tó ń rẹ́ǹtì yàrá kì í kan ìṣó mọ́ ògiri.
Mo dá a padà fún un.

Hilkka, ní Rauma, ti padà sídìí pẹ́ńsù;
ó ń pa pépà rẹ́ títí pépà fi lu,
ó ní òun ṣì ń wá bọ́tìnnì tó ń mú àṣìṣe kúrò.
Oskari ra kọ̀ǹpútà ògbólógbòó mẹ́ta nílé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì pa,
ó kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń retí ogun.
Ọkùnrin kan wà ní Kuopio tí kò ṣe nǹkan kan.
Ó pa tirẹ̀ dé. Ẹja ló ń pa báyìí.

Oskari ló kọ́ èmi ní èrú náà.
Já wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ.
Ṣí aago rẹ̀, dá a padà sẹ́yìn.
Bí kò bá mọ̀ pé ọjọ́ ti pé, kò ní í kú.
Ó ní kí n mú ọdún tó bá wù mí.

Mi ò ronú. Mo tẹ 2011.
Ẹyẹ náà ṣíjú.

Lálẹ́, nígbà tí mo fi iṣẹ́ pamọ́, ni mo rí déètì tó kọ sí i:
ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 2011.
Taisto ṣì wà láyé lọ́dún náà.
Á ti máa gbẹ́ ihò sínú yìnyín nítorí ẹja,
á wọlé tòun ti irùngbọ̀n tó dì, á bi mí pé
ṣé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn ò tíì débi tó ń lọ ni.

Nísinsìnyí mo máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kí n tó wọlé.
Mo máa ń gbé kọfí méjì dání.
Rárá, irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbé méjì.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ á bàjẹ́. Fáànù rẹ̀ ti ń wúkọ́ bí àgùntàn.
Mo mọ̀ pé aago inú rẹ̀ náà ń rìn,
pé oṣù kejì á di ìkẹta,
pé bó bá di oṣù kẹsàn-án, oṣù Taisto,
mo ní láti pinnu
bóyá kí n jẹ́ kó kọjá
àbí kí n tún yí i padà.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mi ti dé etí odò.
Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.
Mi ò tíì ya bó ṣe máa sọ ọ́ kalẹ̀.