Ọjọ́ Mẹ́ta Ogbẹ̀sẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
ó fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù,
ó jí òórùn ilẹ̀ dìde.
Kí àkùkọ tó kọ, èsúnsún ti bo gílóòbù ìta:
àwọn ọmọ ń fi abọ́ omi dè wọ́n,
ìyàwó mi ń wá iyọ̀ àti agbada.
Èmi ń wá ìwọ̀ mi.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni odò yìí fi ń yá ni lójú.
Lánàá ó ṣì gbẹ, àpáta yọ eegun ìhà síta;
lọ́túnla ìkún omi á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ pupa,
ẹja ò ní í rí imú ara rẹ̀.
Láàrin méjèèjì ni omi ń mọ́,
tí ebi ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ń pa gbogbo ohun tó ní lẹbẹ àti ìpẹ́.

Mo fi ọ̀kadà sábẹ́ igi ọ̀mọ̀ lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀,
mo ká ṣòkòtò dé orúnkún,
mo wọ Ogbẹ̀sẹ̀ bí ẹni wọ yàrá tí ọmọ tuntun ń sùn:
ẹsẹ̀ kan, kí n dúró; ẹsẹ̀ kejì, kí n mí.
"Omi létí," ohun tí Bàbá Ọmọ́níjọ máa ń wí nìyẹn,
"etí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò rẹ ń tẹ̀."

Télọ̀ ni. Ogójì ọdún ló fi rán aṣọ iléèwé,
kaki àti búlúù, fún ọmọ tó sanwó àti èyí tí kò san.
Òun ló kọ́ mi bí a ti ń purọ́ fún ẹja:
ìyẹ́ ọrùn àkùkọ pupa, ẹyọ kan,
òwú dúdú tó kù nídìí ẹ̀rọ,
ìda oyin díẹ̀ kó má baà rì.
A ká a mọ́ ìwọ̀ nígbà méje, a fi eyín já a.
Ó ní, "Má jẹ́ kó dára jù.
Èsúnsún tó ṣubú sómi, ṣé ó ń rántí ẹwà?"
Àwọn ará wa ń rẹ́rìn-ín: ekòló wà ńlẹ̀,
ta ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ ṣẹ̀fẹ̀?
Ó ní ekòló ń pe ẹja tó ti sùn;
èyí tó jí lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ojú rẹ̀ ti lọ báyìí. Abẹ́rẹ́ ti gbà á tán.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́,
mo gbé ìwọ̀ tí mo dì lé e lọ́wọ́.
Ó fi ètè kàn án, bí ìyá ṣe ń tọ́ ẹ̀kọ ọmọ wò.
"Ìyẹ́ rẹ gùn jù."
Mo gé e.

Mo ju okùn. Ó balẹ̀ gbàǹgà.
Mo tún un jù. Ẹ̀ka igi gbà á; mo bú ẹ̀ka, mo tọrọ gáfárà.
Ìgbà kẹrin ló bọ́ sójú omi láìdún,
ó ń bá ìṣàn lọ, ó ń yí,
ó kọjá òkúta tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ,
ó wọ òjìji.
Omi mì, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì.
Lẹ́yìn náà, pàù!
Ọ̀pá oparun tẹ̀ kọ́rọ́dọ́,
ọwọ́ mi padà di ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀pìyà ni, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀,
ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ epo tó kán sómi.
Ikùn rẹ̀ le. Mo tẹ̀ ẹ́: ẹyin.

Mo ro ata. Mo ro owó bẹntiróò.
Mo ro ọdún kan tí mo gbé irú rẹ̀ délé,
tí arúgbó ò bá mi jẹun, tí kò sì sọ ìdí.
Mo dì í mú lábẹ́ omi, mo kọ orí rẹ̀ sókè odò,
títí èémí rẹ̀ fi padà,
títí ó fi fi ìrù gbá ọwọ́ mi létí.

"Èwo lo pa?" ó bi mí lálẹ́.
Mo ní n kò pa nǹkan.
Ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ mi, ó dákẹ́ pẹ́.
"Ó ti lọ ulé," ó ní,
ó sì ní kí n sún abọ́ èsúnsún díndín mọ́ òun.